Ọlọ́dẹ Tí Ń Jẹ Nínú Ọjà Tí Ó Ń Ṣọ́

Àwọn àgbà a máa sọ pé ẹni tí a ní kí ó fẹ́ ni lójú, ata ni ó fi sẹ́nu. Ènìyàn ni a sábà máa ń fi òwe yìí bá wí, ṣùgbọ́n oògùn ni èmi fẹ́ fi í sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Oògùn kan wà tí ó jẹ́ pé òun ni ó ń dá ẹ̀mí ènìyàn sí, tí ó sì jẹ́ pé òun kan náà ni ó ń ba nǹkan mìíràn jẹ́ nínú ara ẹni náà. Ẹni tí ó bá fi í sílẹ̀ wà nínú ewu. Ẹni tí ó bá sì ń lò ó ní gbèsè tí yóò máa san. Ó yẹ kí a mọ bí ọ̀rọ̀ irú oògùn bẹ́ẹ̀ ti rí, nítorí àìmọ̀ rẹ̀ lè sọ ọmọ ènìyàn di ẹni ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni ó gbé mi dé ìdí ọ̀ràn yìí. Aṣọ ni ó ń tà ní Gbági ní Ìbàdàn, Bàbá Ìbejì sì ni tọmọdé tàgbà ọjà ń pè é. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó kọ́kọ́ kọ lù ú. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà ba kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì jẹ́, débi pé ẹ̀rọ ni ó ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Owó aṣọ lọ, owó ilẹ̀ tí ó rà lọ, ó sì kù díẹ̀ kí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ lọ. Ní ọdún 2017, àbíkẹ́yìn wa, obìnrin tí ó ń ta ata ní Bódìjà, sọ pé òun yóò fún ẹ̀gbọ́n òun ní kíndìnrín kan. Wọ́n yẹ àwọn méjèèjì wò, ara wọn sì bá ara wọn mu. Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí ní Nàìjíríà, nítorí náà a kò gbé e lọ sí òkè òkun. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Kí oṣù mẹ́rin tó pé, àbúrò mi ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀, ó ń tẹ́ aṣọ fún àwọn oníbàárà, ó ń bá wọn ṣe àwàdà.

Ṣùgbọ́n wọ́n kó oògùn mẹ́ta lé e lọ́wọ́, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé lílò wọn kò ní ópin. Ìdí rẹ̀ nìyí. Ọlọ́run fi àwọn ọmọ ogun sínú ẹ̀jẹ̀ olúkúlùkù wa. Iṣẹ́ wọn ni láti mọ ọmọ ilé, kí wọ́n sì pa àlejò. Kòkòrò àìsàn ni àlejò tí a fẹ́ kí wọ́n pa, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ pé kíndìnrín tí àbúrò ẹni fi tọ ni lọ́rẹ kì í ṣe ọ̀tá. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, wọn yóò jẹ ẹ́ run. Oògùn wọ̀nyí ni ó ń dì wọ́n lọ́wọ́ mú. Tacrolimus ni orúkọ ọ̀kan, Mycophenolate ni èkejì, ẹ̀kẹta ni Prednisolone, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní sítẹ́rọ́ìdì.

Ní ọdún kejì, òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ àbúrò mi lọ́sàn-án lóru. Ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni ó ń jí tọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀rù bà wá pé bóyá kíndìnrín tuntun ti ń bàjẹ́. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kíndìnrín ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣúgà ni ó kún inú ẹ̀jẹ̀. Àtọ̀gbẹ ti wọlé. Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún un: ó ní àwọn oògùn tí ń ṣọ́ kíndìnrín náà wà nínú ohun tí ó fà á.

Inú bí àbúrò mi gidigidi. Ó wá bá mi nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ó kó gbogbo ike oògùn náà sórí tábìlì níwájú mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi dá sí i. N kì í mu ẹlẹ́rìndòdò, n kì í fi ṣúgà sí ẹ̀kọ mi. Oògùn tí mo ń fi òógùn ojú mi rà ni ó fún mi ní àtọ̀gbẹ. Ẹnì kan tí ó ń ta àgbo nítòsí ìsọ̀ mi ní kí n da gbogbo rẹ̀ nù. Ó ní ìgò mẹ́ta péré ni òun yóò fún mi, yóò wo kíndìnrín, yóò sì wo ṣúgà pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin, kí ni ẹ ó ṣe?”

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè ńlá ni. Ẹ̀mí àbúrò mi ọkùnrin ni ó wà lórí tábìlì yẹn, kíndìnrín àbúrò mi obìnrin sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe dókítà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe fi ẹyọ oògùn kan ṣoṣo sílẹ̀ títí a ó fi jọ lọ rí dókítà rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí mo sì ń bi àwọn tí ó mọ̀ ọ́n léèrè. Ohun tí mo rí ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí.

ERÉKÙṢÙ INÚ ARA

Lẹ́yìn àpò tí oúnjẹ ń bọ́ sí nínú ikùn wa, ẹ̀yà ara kan dùbúlẹ̀ níbẹ̀ gbọọrọ bí ewé. Páńkíríásì ni àwọn dókítà ń pè é. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ó ń ṣe omi tí ń bá ni da oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1869, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Berlin ní ilẹ̀ Jámánì, Paul Langerhans ni orúkọ rẹ̀, fi ẹ̀rọ awò wo ó, ó sì rí ìdì sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí kò jọ àwọn yòókù. Wọ́n fọ́n káàkiri bí erékùṣù ti ń fọ́n káàkiri ojú òkun. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè wọ́n: erékùṣù Langerhans. Wọ́n tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan nínú ara ẹnì kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ bí a bá wọ̀n wọ́n pọ̀, wọn kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n páńkíríásì lọ.

Inú àwọn erékùṣù wọ̀nyí ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní béètà ń gbé, àwọn sì ni wọ́n ń ṣe ínsúlínì fún gbogbo ara. Bí a bá jẹ ẹ̀bà, tàbí iyán, tàbí ìrẹsì, ṣúgà ni yóò dà nínú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlínì ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn kí ṣúgà náà lè wọ inú ẹran ara lọ di agbára. Bí kò bá sí ẹni tí yóò ṣí ilẹ̀kùn, ṣúgà á kún ojú ọ̀nà, ebi á sì máa pa àwọn ará ilé. Ní ọdún 1889, Joseph von Mering àti Oskar Minkowski yọ páńkíríásì ajá kan ní Strasbourg, ajá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ṣúgà. Láti ìgbà náà ni a ti mọ ibi tí àtọ̀gbẹ ti ń wá.

Kò pẹ́ tí àwọn dókítà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bí oko bá kú, ṣé a kò lè tún un gbìn? Ní oṣù Kejìlá ọdún 1893, ní Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà kan gbin èérún páńkíríásì àgùntàn sí abẹ́ awọ ọmọkùnrin ọmọ ọdún 15 kan tí àtọ̀gbẹ fẹ́ pa. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ọmọ náà kú. Nígbà tí ó di ọdún 1921, Frederick Banting àti Charles Best rí ínsúlínì yọ ní Toronto ní Kánádà. Ní oṣù kìíní ọdún 1922 ni wọ́n fún ọmọ ọdún 14 kan, Leonard Thompson, ní abẹ́rẹ́ rẹ̀, ọmọ náà sì yè. Ohun ìyanu ni, ó sì ń gba ẹ̀mí là títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gba abẹ́rẹ́ dà bí ẹni tí kànga ilé rẹ̀ gbẹ, tí ó ń ra omi lójoojúmọ́. Ó ń rí omi mu, ṣùgbọ́n kànga kò tíì padà.

BÍ WỌ́N ṢE GBIN ERÉKÙṢÙ

Àtọ̀gbẹ kò rí bákan náà lára gbogbo ènìyàn. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù láàárín àwa àgbàlagbà ni èyí tí ara kò fi gbọ́ràn sí ínsúlínì lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n oríṣi kan wà tí ó sábà máa ń mú ọmọdé àti ọ̀dọ́, níbi tí àwọn ọmọ ogun ara ti ṣi ilé mọ̀, tí wọ́n sì pa àwọn sẹ́ẹ̀lì béètà tiwọn. Nínú àwọn wọ̀nyí ni a ti ń rí àwọn tí ṣúgà wọn ń já wálẹ̀ lójijì tí wọ́n á dákú láìsí ìkìlọ̀. Nítorí irú wọn ni wọ́n ṣe ń wá ọ̀nà láti gbin erékùṣù mìíràn.

Ní ọdún 1967, Paul Lacy àti Mary Kostianovsky, ní St. Louis ní Amẹ́ríkà, kọ bí a ti lè ṣa erékùṣù kúrò nínú páńkíríásì eku láìpa wọ́n. Ní ọdún 1972, wọ́n gbin irú rẹ̀ sí ara eku tí ó ní àtọ̀gbẹ, ara eku náà sì yá. Bí wọ́n ti ń ṣe é fún ènìyàn nìyí: wọ́n á gba páńkíríásì ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tí àwọn ẹbí rẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀, wọ́n á ṣa erékùṣù inú rẹ̀ bí ẹni ń ṣa ìrẹsì kúrò nínú òkúta, wọ́n á sì rọra kán an sínú iṣan ńlá tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti inú ìfun lọ sí ẹ̀dọ̀. Inú ẹ̀dọ̀ ni àwọn àlejò náà yóò fìdí kalẹ̀ sí, ibẹ̀ ni wọn yóò ti máa ṣe ínsúlínì.

Ṣùgbọ́n àlejò ni wọ́n, àwọn ọmọ ogun ara sì ń bẹ lójúfò. Nítorí náà, oògùn tí àbúrò mi ń lò ni àwọn náà ní láti lò. Ó lè ya yín lẹ́nu pé inú ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú oògùn wọ̀nyí ti wá, bí egbò àti ewé tiwa. Olú kékeré kan láti inú iyẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ Norway ni wọ́n ti rí Cyclosporine. Iyẹ̀pẹ̀ Tsukuba ní Japan ni Tacrolimus ti jáde ní ọdún 1984. Sirolimus sì wá láti inú iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n bù ní ọdún 1964 ní Rapa Nui, erékùṣù kékeré kan tí ó dá wà láàárín òkun Pàsífíìkì.

Ní àwọn ọdún 1990 sí 1999, iṣẹ́ gbígbìn náà kò yọrí. Nínú ènìyàn 267 tí wọ́n gbin erékùṣù fún ní àkókò náà, kìkì nǹkan bí 8 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó lo ju ọdún kan lọ láìgba abẹ́rẹ́ ínsúlínì. Nígbà náà ni James Shapiro àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Edmonton, ní Kánádà, bi ara wọn léèrè pé: ṣé kì í ṣe oògùn tí a fi ń dáàbò bo erékùṣù gan-an ni ó ń pa á? Wọ́n yọ sítẹ́rọ́ìdì kúrò pátápátá. Wọ́n dín Tacrolimus kù, wọ́n fi Sirolimus kún un, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ kan tí à ń pè ní Daclizumab bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún lo erékùṣù tí ó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí páńkíríásì ẹnì kan kì í tó fún aláìsàn kan. Ní oṣù Keje ọdún 2000, wọ́n gbé àbọ̀ jáde: ènìyàn méje ni wọ́n ṣe é fún, àwọn méjèèje sì bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́. Gbogbo ayé pariwo ayọ̀.

ÀBỌ̀ KEJÌ

Ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ pé ọjọ́ ìpàtẹ kọ́ ni a ń ka èrè. Ilé ìwòsàn mẹ́sàn-án dìde, ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Yúróòpù, wọ́n sì ṣe bí ti Edmonton fún ènìyàn 36. Ní ọdún 2006 ni àbọ̀ rẹ̀ jáde. Ní òpin ọdún kan, 16 nínú wọn kò gba abẹ́rẹ́ mọ́. Nígbà tí ọdún méjì pé, márùn-ún péré ni ó kù nínú àwọn 16 náà. Ní Edmonton fúnra rẹ̀, nígbà tí ọdún márùn-ún pé, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ni kò tíì padà sídìí abẹ́rẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé erékùṣù ṣì ń ṣe ínsúlínì díẹ̀ lára nǹkan bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Díẹ̀ náà wúlò, nítorí kì í jẹ́ kí ṣúgà já wálẹ̀ lójijì. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ọjà fi ń dín?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oògùn ná, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Tacrolimus ni àkọ́kọ́. Nínú àwọn ọmọ ogun ara, òjíṣẹ́ kan wà tí ń gbé àṣẹ ogun wọlé. Kàlísínúrìn ni orúkọ rẹ̀. Tacrolimus yóò di òjíṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mú, ogun kò sì ní lè bẹ̀rẹ̀. Èyí dára. Ṣùgbọ́n òjíṣẹ́ yìí kan náà wà nínú sẹ́ẹ̀lì béètà, níbi tí ó ti ń bá wọn gbé àṣẹ pé kí wọ́n ṣe ínsúlínì, kí wọ́n sì máa bí sí i. Oògùn kò mọ ilé kan yàtọ̀ sí èkejì. Bí ó ti di ti ọmọ ogun lọ́wọ́ mú, bẹ́ẹ̀ ni ó ń di ti oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́ mú. Cyclosporine náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì sì lè ba kíndìnrín jẹ́ bí wọ́n bá pọ̀ jù.

Sítẹ́rọ́ìdì ni èkejì. Ó ń mú kí ẹ̀dọ̀ máa da ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń di ara létí kí ó má gbọ́ ohùn ínsúlínì. Iṣẹ́ á wá pọ̀ fún sẹ́ẹ̀lì béètà, bí ẹrù tí ó ju agbára kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ, yóò sì rẹ̀ wọ́n.

Sirolimus ni ẹ̀kẹta. Ó ń dá sẹ́ẹ̀lì dúró kí ó má bí sí i, ó sì ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun lọ́wọ́ kí ó má hù. Bẹ́ẹ̀ ni erékùṣù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan, nítorí gbogbo rẹ̀ ni ó já nígbà tí wọ́n ń ṣa á. Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí òmíràn tó hù fún un. Ó dà bí àlejò tí a fi sínú ilé tí kò ní omi, tí a tún ní kí àwọn tí ń gbẹ́ kànga dúró ná.

Ohun mìíràn tún wà. Oògùn tí a bá gbé mì, inú ìfun ni yóò gbà wọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà yóò sì kọ́kọ́ gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá kí ó tó tàn ká ara. Ẹ kò gbàgbé pé ẹ̀dọ̀ ni erékùṣù ń gbé. Ẹnu ibodè gan-an ni wọ́n kọ́lé sí, níbi tí ẹrù oògùn ti kọ́kọ́ ń balẹ̀, tí ó ti pọ̀ ju ti ibikíbi lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a dá oògùn nìkan lẹ́bi. Bí erékùṣù bá ti kan ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a máa dì mọ́ ọn, púpọ̀ nínú wọn a sì máa kú ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ ogun tí ó pa ti ìṣáájú lè tún padà wá pa ti ìkẹyìn. Bí kò bá sì sí oògùn rárá, àwọn ọmọ ogun yóò pa àlejò náà run láìpẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wá dà bí ti ọlọ́dẹ ọjà. Ọlọ́dẹ ń ṣọ́ ọjà lóru, ṣùgbọ́n ó ń sun iṣu jẹ nínú iṣu tí a ní kí ó ṣọ́. Bí a bá lé e lọ, olè yóò kó gbogbo iṣu. Bí a bá fi í sílẹ̀ láìwo ẹ̀yìn rẹ̀, yóò jẹ ju bí ó ti yẹ lọ.

OHUN TÍ A ṢE

Bí mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún àbúrò mi nìyẹn, nítorí erékùṣù tirẹ̀, tí a bí mọ́ ọn, ni oògùn kan náà ń dà láàmú. Ohun tí wọ́n rí lára àwọn tí wọ́n gbin erékùṣù fún ni ó jẹ́ kí n mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ikùn ọmọ ìyá mi. Ó dákẹ́ títí. Àbíkẹ́yìn wa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, méjì ni Ọlọ́run fún mi. Ọ̀kan wà lára yín, ọ̀kan wà lára mi. Bí ẹ bá da oògùn yẹn nù, tèmi ni ẹ dà nù. N kò ní òmíràn tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀.”

Àbúrò mi gbójú sókè. Ó ní, “A kì í torí iṣu kan lé ọlọ́dẹ. A ó máa ka iṣu ni.” Bí ó ti parí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, n kò sì tíì gbọ́ ìmọ̀ràn tí ó jù ú lọ láti ẹnu dókítà kankan.

A jọ lọ bá dókítà rẹ̀. Dókítà ni ó dín Prednisolone kù díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ń yẹ iye Tacrolimus inú ẹ̀jẹ̀ wò, kí ó má kéré jù tí kíndìnrín yóò fi bàjẹ́, kí ó má sì pọ̀ jù tí ṣúgà yóò fi gun òkè. Ó fún un ní oògùn àtọ̀gbẹ. Àbúrò mi ra ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wo ṣúgà, ó ń gún ìka rẹ̀ láràárọ̀, ó sì ń kọ iye rẹ̀ sínú ìwé kan náà tí ó fi ń ṣe ìṣirò ọjà. Ó dín ẹ̀bà alẹ́ kù, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn. Ṣúgà náà sọ̀ kalẹ̀. Kò lọ tán, ṣùgbọ́n ó wà níbi tí a ti lè bá a gbé. Kíndìnrín àbíkẹ́yìn wa ṣì ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ títí di bí mo ti ń kọ ìwé yìí.

IBI TÍ IṢẸ́ DÉ LÓNÌÍ

Àwọn onímọ̀ kò káwọ́ gbera. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìjọba Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí erékùṣù láti ara ẹni tí ó ti kú gẹ́gẹ́ bí ìwòsàn fún àwọn kan tí ó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní. Lantidra ni orúkọ rẹ̀. Nínú ènìyàn 30 tí wọ́n fi dán an wò, 21 lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìgba ínsúlínì. Ní ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Vertex sọ nípa sẹ́ẹ̀lì béètà tí wọ́n ti inú sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ hù jáde, tí kò fi sí wàhálà àti máa dúró de òkú: nínú ènìyàn 12 tí wọ́n fún ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ìwọ̀n rẹ̀, 10 ni kò gba abẹ́rẹ́ mọ́ nígbà tí ọdún kan pé. Ṣùgbọ́n ọlọ́dẹ kan náà ni gbogbo wọn ṣì ń lò. Ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò ti Vertex yìí kú nípa àrùn awọ ọpọlọ, irú èyí tí ń rí àyè wọlé bí ọwọ́ àwọn ọmọ ogun ara bá rọ̀.

Nítorí náà ni inú mi fi dùn sí ìròyìn kan láti Uppsala ní Sweden, tí ó jáde ní ọdún 2025 kan náà. Wọ́n tún erékùṣù ṣe kí àwọn ọmọ ogun ara má bàa dá a mọ̀ ní àlejò, wọ́n sì gbìn ín sí ẹran apá ọkùnrin kan, láìfún un ní oògùn ìdènà kankan. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 12 pé, ó ṣì ń ṣe ínsúlínì. Díẹ̀ ni wọ́n gbìn, ọkùnrin náà ṣì ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo sì ni. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọjà tí kò nílò ọlọ́dẹ lè wà lọ́jọ́ kan.

ÌMỌ̀RÀN MI

Kí ọjọ́ náà tó dé, mo ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin fún yín.

Ìkíní: bí ẹ bá ní ẹbí tí ó ń lo ẹ̀yà ara ẹlòmíràn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á níyànjú láti fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀ tàbí kí ó dín in kù fúnra rẹ̀. Bí owó bá wọ́n, ẹ sọ fún dókítà kí oògùn tó tán nílé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Èkejì: ẹ ní kí wọ́n máa wo ṣúgà rẹ̀ déédéé, àní bí kò bá ní àtọ̀gbẹ rí. Òùngbẹ, ìtọ̀ òru àti rírù lójijì kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Ẹ̀kẹta: Prednisolone àti Dexamethasone, tí àwọn kan ń rà lẹ́yọ lẹ́yọ kí wọ́n lè sanra tàbí kí ara ríro lè lọ, ara sítẹ́rọ́ìdì tí mo sọ ni wọ́n. Ẹni tí kò ní kíndìnrín àlejò kankan, tí dókítà kò sì kọ ọ́ fún, kí ni ó ń fi ọlọ́dẹ ṣe? Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ń lò ó pẹ́, kí ó má ṣe já a lójijì o. Kí ó lọ bá dókítà kí wọ́n bá a rọra gbé e sọ̀.

Ẹ̀kẹrin: bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan ní òkè òkun ti bọ́ lọ́wọ́ àtọ̀gbẹ nípa gbígbin erékùṣù, ẹ má ṣe ta ilé nítorí rẹ̀. Àwọn díẹ̀ tí ó ní oríṣi kìíní, tí ṣúgà wọn ń já wálẹ̀ lójijì, ni wọ́n ń ṣe é fún. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé oògùn wo ni a ó máa lò lẹ́yìn rẹ̀, fún ọdún mélòó, àti pé kí ni oògùn náà yóò gbà lọ́wọ́ ẹni. Ẹni tí ó bá ra ọjà láìbèèrè owó ọlọ́dẹ kò tíì mọ iye tí ó ra ọjà náà.

Ire kan kì í wá kí ó má ní ẹrù tirẹ̀ lórí. Ẹ jẹ́ kí a gba ire náà, kí a sì máa ka iṣu wa láràárọ̀. Kí Ọlọ́run fún gbogbo wa ní ìlera.